Ọ̀nà ọ̀fun pọ́ǹpù

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà nídìí bẹ́ẹ̀dì ewédú nígbà tí ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi sáré dé. Òógùn ti bò ó, sípánà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ẹ̀rọ mi. Ẹ́ńjìnnì ń dún, ṣùgbọ́n omi ò wá. Mo ti fẹ́ máa tú u."

Mo ní, "Ọmọ mi, má tú nǹkan kan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹnu ẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì náà ń dún dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ní kó pa á. Mo fi ọwọ́ tọ họ́ọ̀sì tó ń fa omi láti etí kànga títí dé ibi tó ti wọ inú pọ́ǹpù. Kílíìpù tó dì í mú níbẹ̀ ti tú díẹ̀, ó ń mì lọ́wọ́ mi. Mo bu amọ̀ tútù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ oríkèé náà yíká, a bu omi kún inú pọ́ǹpù padà, ó fa okùn. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí omi fi tú jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì kejì. Ọmọ náà ń wo amọ̀ yẹn bí ẹni pé oògùn ni. Mo ní kì í ṣe oògùn, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni mo dí. Kó lọ ra kílíìpù tuntun kí amọ̀ tó gbẹ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ ní ẹ̀yìn Alápẹ̀rẹ̀, lápá Kétu níbí: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, àti ugu nígbà tí ọjà rẹ̀ bá dára. Pọ́ǹpù méjì ni mo ti pa. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo rà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ṣì ń fa omi lónìí. Ẹ̀rọ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pọ́ǹpù elépo tí họ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méjì, irú èyí tí ẹ ó rí lóko ẹ̀fọ́ káàkiri Èkó. Èmi ni mo yí padà.

Àwọn àgbà máa ń sọ fún ọ̀jẹun pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù gan-an nìyẹn. Ibi tó ti ń mu omi ló ti ń kú. Ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ènìyàn máa ń dojú kọ. Ṣùgbọ́n nínú ìdààmú mẹ́wàá tí mo ti rí nídìí ẹ̀rọ yìí, méje tàbí mẹ́jọ ló jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tó ń fa omi: họ́ọ̀sì, oríkèé, asẹ́, tàbí kí omi má sí nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n tan án.

Bí mo ṣe pa ti àkọ́kọ́ nìyí. Mo gbé ẹ̀fọ́ lọ sí Mile 12 ní ìdájí, mo fi ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sílẹ̀ pé kó bomi rin oko. Kò bu omi sínú pọ́ǹpù kó tó tan án. Ó rò pé bó bá pẹ́ díẹ̀, omi á wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó dè é fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tí mo dé, tí mo bu omi sí i, omi náà ń jò láti agbedeméjì pọ́ǹpù àti ẹ́ńjìnnì, òórùn rọ́bà tó jóná sì gba ibẹ̀ kan. Mi ò bá ọmọ náà wí. Èmi ni mi ò sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó jóná, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní tan pọ́ǹpù ní gbígbẹ mọ́ láéláé. Ọ̀pá irin kan ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń yí nínú omi, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní impeller. Níbi tí ọ̀pá yẹn ti wọ inú ilé omi, síìlì kan wà tí kò jẹ́ kí omi jò jáde. Ojú méjì ni síìlì náà ní. Ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń bá ọ̀pá yí, àwọn méjèèjì sì fara kan ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Tí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì ní gáàsì tán, ó lè yí tó ìgbà 3,600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Omi tó wà níbẹ̀ ló ń tu ojú méjèèjì lára. Mú omi yẹn kúrò, kí wọ́n máa ha ara wọn ní gbígbẹ, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ti tó láti bà á jẹ́. Nítorí náà, lóko mi, korobá omi kan wà tí a kì í fi ṣe ohun mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù ló ń gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tan ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí ìdérí orí rẹ̀, kó bu omi sí i títí yóò fi kún dé ẹnu.

Ohun mìíràn tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa ọ̀fun yìí ni pé pọ́ǹpù kì í fa omi bí a ṣe ń fi okùn fa korobá. Ó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú họ́ọ̀sì ni. Afẹ́fẹ́ ìta tó tẹ orí omi kànga ló wá ń ti omi gòkè láti dí àlàfo náà. Agbára afẹ́fẹ́ ìta yìí sì ní ibi tó mọ. Bó ti wù kí ẹ̀rọ náà wọ́n tó, kò lè fa omi tó ju mítà 10 lọ nísàlẹ̀ rẹ̀, àti pé lójú iṣẹ́, bó bá ti ń dé mítà 7 ló ti ń kú sára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé pọ́ǹpù mi sún mọ́ omi gan-an, kí họ́ọ̀sì tó ń fà kúrú, kí ó má sì rọ́ gòkè rọ́ sódò. Họ́ọ̀sì tó ń tú jáde lè gùn bó ṣe wù ú. Mo ti rí ẹni tó ṣe é lódìkejì, tó gbé pọ́ǹpù sí abẹ́ igi nítorí òjìji, tó wá na họ́ọ̀sì gígùn lọ sínú kànga. Ẹ̀rọ náà ń jẹ epo bí iná, omi tó ń mú wá ò tó nǹkan.

Họ́ọ̀sì tó ń fa omi kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní egungun nínú, èyí tó ní okùn líle tó yí i ká. Èyí tó ń rọ bí aṣọ, tí a máa ń ká bí ẹní, ẹ̀gbẹ́ ìtújáde ló wà fún. Tí ẹ bá fi í fa omi, á lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀fun ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, omi kànga wa máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn ni àwọn kan máa ń gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí wọ́n á gbé pọ́ǹpù sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè sún mọ́ omi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Pọ́ǹpù elépo kò gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò tó jìn, kànga, tàbí àtíbàbà tí wọ́n bò pa. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń pa ènìyàn, wà nínú èéfín rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá sì sọ̀kalẹ̀ lọ pa ẹ̀rọ lè má gòkè mọ́. Ẹni tó bá sáré sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e náà lè má gòkè. Tí omi bá jìn ju agbára pọ́ǹpù lọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ kú. A ó gbin òmíràn.

Lórí ọ̀rọ̀ asẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ họ́ọ̀sì, bàbá Ègùn kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní apá òkè ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn ló là mí lójú. Mo máa ń ju asẹ́ sísàlẹ̀ kànga títí yóò fi kan ilẹ̀. Bàbá ní, "Ìyá, iyanrìn lẹ̀ ń mu yẹn." Òótọ́ ni. Iyanrìn Èkó yìí, tó funfun tó sì mú, ń ha abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù bí ìgbà tí a ń fi ewé eèpín ha igbá. Abẹ̀bẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo á máa fẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri ilé omi, omi á máa yí padà sẹ́yìn nínú rẹ̀ dípò kó jáde. Bàbá mú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó ṣófo, ó dé e pa, ó so asẹ́ mọ́ ọn lókùn bí ìwọ̀n apá kan. Kẹ́ẹ̀gì léfòó, asẹ́ rọ̀ sí agbedeméjì omi: kò kan ilẹ̀ débi tí yóò mu iyanrìn, kò sì sún mọ́ òkè débi tí yóò gbé afẹ́fẹ́ mì. Bí omi bá lọ sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì á bá a lọ. Títí di òní, ohun tí mo ń ṣe nìyẹn. Bàbá ti padà sí Àgbádárìgì, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ gùn.

Ẹni tó bá ń fa omi láti inú odò tàbí gọ́tà ńlá ní wàhálà tiwọn. Ojú oró ń lékè omi, òṣíbàtà ń lékè odò, àwọn méjèèjì sì ń wá sídìí asẹ́. Ewé olódòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn náà wà níbẹ̀, water hyacinth, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lórí omi Àgbádárìgì ní ọdún 1984, tó sì ti gba ojú ọ̀sà kan. Agbọ̀n oníke tí wọ́n fi ń kó tòmáàtì ni kí ẹ fi asẹ́ sí nínú. Ewé á dúró sára agbọ̀n, omi á rí ààyè kọjá.

Omi iyọ̀ ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò Ògùn àti omi òjò tó máa ń ti omi òkun sẹ́yìn á dínkù, omi òkun á sì wọ inú ọ̀sà Èkó wá. Ẹni tí oko rẹ̀ sún mọ́ etí ọ̀sà á mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Mo máa ń tọ́ omi kànga mi wò láràárọ̀ láti oṣù Kìíní lọ. Lọ́jọ́ tó bá ti dùn bí iyọ̀ díẹ̀, mi ò ní fi rin ẹ̀fọ́ kékeré, bí mo bá sì fi pọ́ǹpù fà á, mo máa ń fi korobá omi mímọ́ mẹ́ta ṣan inú rẹ̀ kí n tó lọ sílé. Iyọ̀ ń jẹ irin lóru, nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi.

Ti ẹ̀rọ kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó kìlọ̀ fún mi. Omi ń kán tó, tó, tó láàárín pọ́ǹpù àti ẹ́ńjìnnì. Mo rí i. Mo ní nígbà tí mo bá ta ẹ̀fọ́ tó wà nílẹ̀ tán, màá pààrọ̀ síìlì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ tí mo yọ ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀ funfun bí ògì. Omi ti kọjá síìlì tó ti jẹ, ó ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bọ̀dá mẹkáníìkì tó ń ṣe é fún mi kàn mi orí. Owó síìlì kan ṣoṣo ni mo ń fi pamọ́, owó ẹ̀rọ odidi ló bá a lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá ti rí ìkán omi níbẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dá iṣẹ́ dúró. Tí ẹ bá sì lọ ra síìlì, ẹ mú ti àtijọ́ dání, ẹ fi wọn ara wọn. Ayédèrú pọ̀. Èyí tí mo rà fún ẹ̀rọ kẹta yìí nígbà kan kò lò ju ọjọ́ méjìlá lọ. Ojú rẹ̀ rọ̀, èékánná lè ha á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi èékánná dán ojú síìlì wò níwájú ẹni tó ń tà á, kí n tó san owó.

Nínú ìwé kékeré kan tó wà nínú àpò iṣẹ́ mi, mo ń kọ wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí mẹ́ta ni, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, wákàtí 100 ti pé, mo sì máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ̀rọ tuntun kò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́ ni kí ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ nù, nítorí irin wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ lára àwọn ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ha ara wọn wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń wọ irú ẹ́ńjìnnì kékeré yìí kò ju bí ìdajì lítà àti díẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má rọ gbogbo ìgò lítà kan sí i. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Nígbà ọyẹ́, eruku kì í jẹ́ kí fílítà afẹ́fẹ́ mí. Mo máa ń fi omi ọṣẹ fọ fóòmù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo ń kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, mo sì ń fún èyí tó bá pọ̀ jù jáde. Púlọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí èédú ń sọ fún yín pé fílítà ti dí tàbí pé epo ń pọ̀ jù. Bó bá pọ́n bí ilẹ̀, ó dára.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ bóyá ọ̀fun rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá rèé, mi ò sì tíì rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é ní agbègbè wa. Mo ní dúróòmù lítà 200 kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, mo máa ń tú omi sínú rẹ̀, mo sì ń fi fóònù ka àkókò. Nígbà tó wà ní tuntun, bí ìdajì ìṣẹ́jú ló ń kún un. Tó bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú kan, mo mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, kódà bí ẹ́ńjìnnì bá ń kọrin. Mo á wo asẹ́, mo á wo oríkèé, mo á wo rọ́bà ìdérí, lẹ́yìn náà ni mo á tó ní kí bọ̀dá ṣí i wò bóyá abẹ̀bẹ̀ ti jẹ. Kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó dé, nígbà tí Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo kan kò tó ₦200 ní Èkó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti sún mọ́ ₦500, kò sì padà sẹ́yìn. Pọ́ǹpù tó ń fi ìlọ́po méjì àkókò kún dúróòmù ń fi ìlọ́po méjì epo ṣe é. Ẹ̀fọ́ wo la fẹ́ tà tó máa san án?

Epo náà ń ba ẹ̀rọ jẹ́ tí a bá fi sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol, irú ọtí kan, pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, ọ̀pọ̀ wa la sọ pọ́ǹpù kalẹ̀. Tèmi ń tan, ń kú, ń tan, ń kú, títí bọ̀dá fi tú kàbúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, tó fi hàn mí bí rọ́bà inú rẹ̀ ṣe wú. Ṣùgbọ́n epo tó dára náà, bó bá ti lo bí oṣù kan nínú kàbúrétọ̀, á di gọ́ọ̀mù, á dí ojú ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo bá fẹ́ pa ẹ̀rọ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹnu epo ni mo ń tì, mo á jẹ́ kó jó èyí tó kù nínú rẹ̀ tán kó kú fúnra rẹ̀. Ẹ má sì rọ epo sí i nígbà tó bá gbóná. Ẹ fún un ní àkókò tí ẹ ó fi mu omi.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, àwọn bẹ́ẹ̀dì ti tutù, mi ò sì ní nílò pọ́ǹpù púpọ̀ mọ́ títí di oṣù Kọkànlá. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Mo ti ra omi mímọ́ tí mo fẹ́ fi ṣàn án. Mo á tú omi inú rẹ̀ nù pátápátá, mo á da epo inú tánkì padà sínú kẹ́ẹ̀gì, mo á yọ púlọ́ọ̀gì, mo á da ṣíbí ọ́ìlì kan sí ihò rẹ̀, mo á rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mejì kí ọ́ìlì lè yí ara irin ká. Họ́ọ̀sì á kúrò nínú oòrùn. Àtíbàbà oko kò ní gba ẹ̀rọ náà, nítorí nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, tí odò Ògùn kún, a máa ń rí omi níbi tí a ò rò. Ilé ni mo ń gbé e lọ, sórí tábìlì onígi tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìdáná, níbi tí mo ti lè rí i láràárọ̀. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun á wá wo bí mo ṣe ń ṣe é. Mo ní kó mú tirẹ̀ wá.